Ǹjẹ́ Sùúrù Lè Di Ẹ̀ṣẹ̀? Èrò Lórí Àrùn Ẹ̀gbà àti Ojúṣe Ẹni Tí Ó Wà Níbẹ̀

Àwọn Yorùbá gbà pé sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní sùúrù ti ní ohun gbogbo. Nínú ẹ̀kọ́ ilé, nínú àlọ́ àti nínú òwe, ohun tí a ń gbọ́ ni pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í máa ń le koko. N kò bá ẹ̀kọ́ yìí jà. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn: ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí sùúrù fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀? Bí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ bá wà, ta ni a ó ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí lọ́rùn?

Ohun tí ó bí ìbéèrè yìí kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ dùn mí. Ní ọdún 2006, àwa olùkọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè péjọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti gbọ́ iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà láàrin wa, ẹni tí ó kọ́ púpọ̀ nínú wa níṣẹ́. Ó dìde láti dáhùn ìbéèrè kan. Kò tí ì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí ahọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lu ọ̀rọ̀. Ohùn òkè kò gòkè dáadáa mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀ bí ó ti yẹ. Ife tí ó mú dání bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. A wo ara wa lójú. Ẹnì kan ní àárẹ̀ ni, nítorí pé alẹ́ àná ni bàbá ti ìrìn-àjò dé. Olùkọ́ tí ó kéré jù láàrin wa sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Bàbá fi ọwọ́ òsì júwe pé kò sí nǹkan. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kàn án lábùkù lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A bu omi fún un, omi náà sì há a lọ́fun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé kí ó lọ sinmi.

Ìyàwó rẹ̀ náà jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde mọ́. Èmi ni wọ́n pè, èmi sì ni mo bá wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà kò kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?" Ìyàwó rẹ̀ wò mí, èmi náà wolẹ̀. Wákàtí 18 ti kọjá. Àgbà náà lo ọdún mẹ́rin sí i lókè eèpẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ni mọ́. Títí tí ó fi lọ, kò lè pe orúkọ mi, bí ó tilẹ̀ mọ̀ mí dájú. Ohun tí kò tán lára mi ni èyí: ó kéré tán, àwa mẹ́wàá ni a wà nínú yàrá náà tí ó jẹ́ pé fífi etí sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ènìyàn ni iṣẹ́ òòjọ́ wa. A gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. A kò mọ ohun tí a gbọ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí àgbà náà bí a ti ń bu omi fún un? Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ènìyàn lọ, síbẹ̀ ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò. Kò ní àká tí ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn ni ó ń bọ́ ọ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ, tàbí bí iṣan kan bá bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú síbẹ̀, ibi tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní ọdún 2006 yẹn gan-an ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Saver, ṣe ìṣirò pé nínú irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, nǹkan bí 1,900,000 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú sì wà. Ní ọdún 1995 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oògùn kan lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, bí a bá fi abẹ́rẹ́ fà á sí aláìsàn lára láàrin wákàtí 3 tí àrùn bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn oníwádìí ní Yúróòpù fi hàn pé a lè nà án dé wákàtí 4 ààbọ̀. Ní ọdún 2015, ẹ̀rí fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé a lè ki ohun èlò tín-ín-rín gba inú iṣan lọ láti fa ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá jáde. Ní ọdún 2018, a rí i pé fún àwọn aláìsàn kan tí àwòrán ọpọlọ wọn bá fàyè gbà á, èyí ṣì lè wúlò títí dé wákàtí 24. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣan tí ó dí àti iṣan tí ó bẹ́. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí ni ó lè sọ ọ́. Oògùn tí ó lè gba ẹni tí iṣan rẹ̀ dí là lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Ìdí nìyí tí ilé kì í fi í ṣe ibi ìtọ́jú àrùn yìí, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ki ásípírìn bọ aláìsàn lẹ́nu kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí omi tí a bù fún àgbà wa fi jẹ́ ewu: ọ̀nà ọ̀fun lè ti rọ bí ọwọ́ ti rọ, kí omi sì gba ibi tí kò yẹ lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa kò jẹ̀bi, nítorí pé a kò mọ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara mi nínú rí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó sí i ni mo ń rí i pé oríṣi àìmọ̀ méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ẹni tí ìmọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí ìmọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn. Ní ìlú Ìbàdàn, láàrin ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka àwọn tí àrùn yìí kọlù, tí wọ́n ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ní ọdún 1998, àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ètò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni lè fi dá àrùn náà mọ̀: kí a wo ojú bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ti wọ́, kí a wo apá méjèèjì bóyá ọ̀kan kò lè dúró lókè, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ bóyá ó ti dàrú, bí a bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a má ṣe dúró. Ìmọ̀ yìí ti wà fún ọdún mẹ́jọ kí tiwa tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ní èdè Yorùbá, àwa tí iṣẹ́ wa sì jẹ́ èdè Yorùbá kò rò pé ó kàn wá. Àìmọ̀ èkejì ni tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí a ń pe àrùn náà, nítorí pé orúkọ ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí èdè fi ń kọ́ni láti rí nǹkan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pè é ní lílù, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀pá gbá ènìyàn lójijì. Orúkọ yìí rántí òjijì. Haúsá ń pè é ní shanyewar ɓarin jiki, èyí tí ó ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ara ni ó gbẹ. Orúkọ yìí rántí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará wa ní Benin àti Tógò a máa lo AVC tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Faransé, ìyẹn ni pé jàǹbá dé bá iṣan inú ọpọlọ. Orúkọ yìí rántí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àwa ń pè é ní rọpárọsẹ̀: ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe rọ kan náà ni ó wà nínú arọ. Orúkọ yìí rántí àbájáde. Ohun tí ó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti ṣe tán ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbà náà kò yàtọ̀, nítorí ẹlẹ́gbà ni ẹni tí kò lè rìn mọ́.

Ó tún ku ibì kan. Rọpárọsẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń kó ran ọmọdé, èyí tí a ń kán oògùn àjẹsára sí wọn lẹ́nu fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ya ti ọmọdé sọ́tọ̀ ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àrùn méjì tí kò bá ara wọn tan ń jẹ́ orúkọ kan. Ọ̀kan, oògùn àjẹsára ni a fi ń dènà rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni a fi bá a jà títí a fi kéde ní oṣù Ògún ọdún 2020 pé ẹ̀yà rẹ̀ ti inú igbó ti kásẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Èkejì, wákàtí ni a fi ń kà á. Ẹni tí ó bá gbọ́ rọpárọsẹ̀ tí kò tíì rí apá tí ó rọ tàbí ẹsẹ̀ tí kò gbé, kò ní rò pé òun ni. Àgbà wa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀ ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rọ, orúkọ àrùn náà kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀. N kò sọ pé kí a sọ orúkọ náà nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ yìí nìkan yóò dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú.

Mo padà sórí sùúrù. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tí àwọn bàbá wa ń yìn kọ́ ni ìdúró lásán. Ẹni tí ó ní sùúrù ni ẹni tí kò jẹ́ kí ìbínú tàbí ojúkòkòrò darí òun. Kò sí ẹni tí ó yin ẹni tí ó jókòó nígbà tí ilé ń jó. Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi ni wọ́n sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ni wọ́n tún sọ pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìwà rere kò sí nínú pé kí a yára tàbí kí a rọra. Ó wà nínú pé kí a mọ èyí tí ìgbà ń béèrè. Ohun tí a ṣe ní ọjọ́ náà jọ sùúrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sùúrù. Ìtìjú ni, a sì fi aṣọ sùúrù bò ó.

Ọ̀wọ̀ ni ìdènà èkejì, òun ni mo sì rò pé ó lágbára jù. Láti dán àrùn yìí wò, a ní láti sọ fún aláìsàn pé kí ó rẹ́rìn-ín kí a rí i, kí ó gbé apá méjèèjì sókè kí ó sì dá wọn dúró, kí ó tún gbólóhùn kan sọ lẹ́yìn wa. Ta ni ó bí ọmọ tí yóò sọ fún bàbá tí ó kọ́ ọ níwèé pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín kí n wò ó"? Olùkọ́ kékeré tí ó béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" ti lọ dé ibi tí àṣà gbà á láyè. Síbẹ̀, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní wákàtí yẹn, inú kèrègbè ni ẹ̀mí àgbà wà. Èdè wa kò sì ṣe aláìní ọ̀nà tí a fi lè sọ ọ́ láìrí àgbà fín: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo ti ẹnu mi. Ẹ bá mi gbé apá yín méjèèjì sókè." Gbólóhùn méjì yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ rántí ìtàn ẹlẹ́gbà inú Bíbélì, tí àwọn mẹ́rin gbé wá. Nígbà tí èrò dí ọ̀nà, òrùlé onílé ni wọ́n ṣí kí wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ nínú ìtàn náà pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdènà kẹta ni ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí ènìyàn bá ṣubú lójijì, ohun tí ó ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé, "Ta ni ó ṣe é?" Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọfà ni wọ́n ta sí i, pé bí a bá gún un lábẹ́rẹ́ yóò kú. N kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹni tí ó béèrè ta ni ń wá ìdájọ́ òdodo, ìdájọ́ òdodo kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ìbéèrè ta ni lè dúró di ọ̀la, di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìbéèrè ìgbà wo kò lè dúró. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀, kí ó wo aago, kí ó sì rántí ìgbà tí ó rí ara aláìsàn le kẹ́yìn. Ẹ̀rí yìí wúlò fún dókítà ju ọ̀pọ̀ àlàyé lọ. Ní ti ohun tí ń fà á, ìwádìí SIREN tí a ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣáájú, tí ó sì jáde ní ọdún 2018, fi àwọn aláìsàn tí ó lé ní 2,000 wé àwọn tí ara wọn le. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó borí gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n kò lè mọ̀.

Ẹnì kan yóò bi mí pé: bí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí kò bá ní ẹ̀rọ àwòrán, bí kò bá ní oògùn náà, tàbí bí ẹbí kò bá ní owó tí wọn yóò kọ́kọ́ san, kí ni ìsáré wà fún? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n àìsí ẹ̀rọ kò sọ ìdúró di ohun tí ó tọ́. Ó kàn pín ẹ̀bi náà ni, tí apá kan rẹ̀ sì bọ́ sọ́rùn àwọn tí ń ṣe ìjọba. Níbi tí oògùn náà kò tilẹ̀ sí, dókítà àti nọ́ọ̀sì lè ṣọ́ mímí aláìsàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n dán bí ó ṣe ń gbé nǹkan mì wò, kí wọ́n sì dènà èkejì. Ìgbà mìíràn pẹ̀lú, àmì náà a máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọwọ́ tí ó kú a tún jí, ọ̀rọ̀ a tún já gaara. Àwọn ènìyàn a dúpẹ́, wọn a lọ sùn. Àṣìṣe tí ó burú jù nìyí, nítorí pé àmì tí ó wá tí ó sì lọ lè jẹ́ ìkìlọ̀, ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀lé e ni ewu náà sì pọ̀ jù.

Ta wá ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀? Ìdáhùn mi kò rọrùn fún èmi fúnra mi. Àwa onímọ̀ èdè máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kò pé láìsí ẹni tí ń sọ ọ́ àti ẹni tí ń gbọ́ ọ. Àrùn yìí ń gba ìpín ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó lè gba ọ̀rọ̀ tí yóò fi kígbe, ó sì lè gba òye tí yóò fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè júwọ́ pé kò sí nǹkan. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò bá lè sọ ọ́ mọ́, gbogbo ẹrù náà bọ́ sórí ẹni tí ń gbọ́. Nítorí náà, ojúṣe wà lọ́rùn ẹni tí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ dókítà, bí kò ṣe nítorí pé òun nìkan ni etí tí ó kù.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojúṣe kejì wà lọ́rùn àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Kì í ṣe pé kí a wá lẹ́tà Yorùbá tí yóò dọ́gba pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n lẹ́tà náà kò ṣe é gbé kọjá odò. Ohun tí a nílò ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni a ń wí. Kí a kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé ní ọjọ́ tí ojú àti ọ̀rọ̀ bá yí padà lójijì, tí apá kan kò sì gbé mọ́, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Nínú iṣẹ́ SIREN náà, ìwé ìbéèrè nípa àmì àrùn yìí di Yorùbá, Haúsá àti Àkàn, wọ́n sì fi àwòrán kún un; a jẹ́ pé ọ̀nà ti là. Kí olùkọ́ èdè kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa ṣe tirẹ̀ ní èdè tirẹ̀, kí ó fi í sí iṣẹ́ kíláàsì, kí ó má fi í sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn nìkan.

Mo máa ń lọ wo àgbà wa ní ọdún mẹ́rin yẹn. A ó jókòó, èmi ni n óò máa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi orí jì wá. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó júwe gẹ́gẹ́ bí ó ti júwe ní ọ̀sán ọjọ́ náà, pé kò sí nǹkan. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni, tàbí ohun kan náà tí a kò gbọ́ yé ní ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, bí ohùn ẹnikẹ́ni bá yí padà níwájú mi, ọmọdé ni o, àgbà ni o, mo máa ń béèrè. Àwọn kan ti bínú sí mi nítorí rẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, n ó sì tún béèrè.